Ilé Àwọn Akéwì ní New York: Ìwé Kì í Ṣí Ilẹ̀kùn Fún Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1985, Stanley Kunitz, àgbà akéwì ará Amẹ́ríkà, àti Elizabeth Kray, ẹni tó ti pẹ́ nídìí ètò fún àwọn akéwì, dá ilé-ìkàwé kan sílẹ̀ ní ìlú New York. Poets House ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ni Ilé Àwọn Akéwì. Ewì ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò lè wọ ibẹ̀ kàwé, láìsan kọ́bọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lárinrin. Yàrá tí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan fi ń kọ́ ọmọ ní oúnjẹ sísè ni wọ́n yá lò. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó lọ sí àdúgbò SoHo. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń ṣe àfihàn ọdọọdún, níbi tí wọ́n ti ń sapá láti kó ìwé ewì tuntun tó jáde ní Amẹ́ríkà jọ, ìbáà jẹ́ ti ilé ìtẹ̀wé ńlá tàbí ti kékeré. Díẹ̀díẹ̀, ìwé wọn pọ̀ títí ó fi tó 70,000.

Ní ọdún 2009, wọ́n kó lọ sí Battery Park City, létí odò Hudson, níbi tí wọn kò ti ní san owó ilé títí di ọdún 2069. Kí wọ́n tó kọ́lé náà tán, òṣèré Bill Murray wá ka ewì fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ọ. Lọ́dọọdún ni àwọn èèyàn ilé náà tún máa ń fẹsẹ̀ rin orí afárá Brooklyn, tí wọ́n ń ka ewì bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò san owó ilé ṣì ní láti san owó oṣù. Àjàkálẹ̀-àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní 2020. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aláṣẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ní owó kò sí. Ní 2021, omi tún ya wọ inú ilé náà. Ọdún 2024 ni ilẹ̀kùn tó tún ṣí.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé wà, ilé ọ̀fẹ́ sì wà. Síbẹ̀, kò sí òǹkàwé kan tó lè wọlé. Ìlú tó bá fẹ́ dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, owó àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó ra pákó tí yóò fi kan pẹpẹ ìwé.