Ẹrù Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Bí Ọ̀ṣọ́ Ṣe Ń Dín Agbára Lífìtì Àtijọ́ Kù

Ọ̀nà tí lífìtì ń gbà gbó pọ̀. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ti okùn irin tó ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán, bíréèkì tó jẹ tán, àti irin tó dípẹtà. Èyí tí àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò yàtọ̀: lífìtì tí wọ́n tún ṣe, tó ń dán, tí agbára rẹ̀ sì dín kù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ gan-an.

Ẹ́ńjìnì kọ́ ló ń dá gbé gbogbo ìwúwo yàrá lífìtì. Nínú lífìtì olókùn, ẹrù amúdọ́gba wà ní ìdí kejì okùn. Bí yàrá bá ń gòkè, òun a máa sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìwúwo yàrá lófìfo pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí wọ́n fàyè gbà. Ìyàtọ̀ tó bá kù láàárín apá méjèèjì ni ẹ́ńjìnì ń fà, òun náà sì ni bíréèkì ń dì mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Yàrá kan wọn kílò 1,200 lófìfo, àwo irin ara ògiri rẹ̀ sì fàyè gba kílò 800, ìyẹn èèyàn 10. Bí ẹrù amúdọ́gba bá jẹ́ kílò 1,600, ìyàtọ̀ nígbà tí yàrá bá kún jẹ́ 400. Onílé wá tẹ́ òkúta mábù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 2. Mábù nìkan wọn kílò 108, láìka sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Dígí ńlá kan fi nǹkan bí 30 kún un; irin dídán tí wọ́n fi bo ògiri mẹ́ta fi nǹkan bí 70 lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 200. Ẹni tó bá wọlé kò kà á sí ẹrù, nítorí kò gba àyè ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ 400 ti lé ní 600. Òfin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń béèrè pé kí bíréèkì lè dá yàrá dúró bí ó tilẹ̀ ru ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí wọ́n fàyè gbà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìyàtọ̀ 600 géérégé nìyẹn. Ọ̀ṣọ́ ti jẹ àlékún náà tán kí èèyàn kọkànlá tó ṣèèṣì wọlé.

Ìpele kìíní nìyẹn. Ìpele kejì dà bí àtúnṣe. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ rí i pé yàrá ń kọjá ojú ilẹ̀ kó tó dúró, ó sì fi irin kún ẹrù amúdọ́gba. Ìdọ́gba padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá àti irin ìdábùú tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró ní òkè ilé ti wá ń ru nǹkan bí kílò 400 ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Irin agbámú tí Elisha Otis fi han àwọn èèyàn ní New York ní 1854, tó máa ń há yàrá mọ́lẹ̀ bí okùn bá já, ní ìwúwo tí wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíríǹgì inú kòtò tó wà lábẹ́ yàrá. Ẹrù amúdọ́gba kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìpele kẹta ló burú jù, nítorí ó ń pa ẹ̀rí rẹ́. Ọ̀pọ̀ lífìtì àtijọ́ kò ní ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹrù bá pọ̀jù. Èyí tó bá ní in, wọ́n lè tún un tò lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀ṣọ́, kí ó ka yàrá tuntun sí òfìfo. Láti ìgbà náà, mábù ti di ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ààbò lífìtì ASME A17.1 fi ààlà sí irú àfikún bẹ́ẹ̀: bí àtúnṣe bá mú kí àpapọ̀ ìwúwo yàrá àti ẹrù tí wọ́n fàyè gbà fi ohun tó lé ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá 5 jẹ́ kílò 100. Mábù nìkan ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe tó ń lẹ mábù kì í ṣe onímọ̀ lífìtì, ilé ti pààrọ̀ onílé, ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti sọnù, táìlì àtijọ́ sì lè wà lábẹ́ tuntun. Èyí kò túmọ̀ sí pé a kò lè mọ̀ bóyá ìdọ́gba ti yẹ̀. Oníṣẹ́ lè fi ẹrù tí a ti wọ̀n sínú yàrá, kí ó wo iye iná tí ẹ́ńjìnì ń fà nígbà ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ bí yàrá àti ẹrù amúdọ́gba bá ti pàdé ní agbede méjì. Ibi tí iye iná méjèèjì bá ti bára mu ni ìdọ́gba wà. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú lífìtì ibùgbé àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Odan, ní Èkó. N kò so ikú náà mọ́ ẹrù àfikún. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀hónú hàn lé lórí ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ráhùn nípa lífìtì náà. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí pé ẹni tó bá wọ lífìtì kò lè rí òkè okùn, kò sì lè wọn ilẹ̀ tó dúró lé. Àwo irin ara ògiri nìkan ló rí kà, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gbà á gbọ́. Àwo yẹn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ògiri tí wọ́n ti fi irin dídán bò, ó ń sọ pé èèyàn 10, kílò 800.