Ìtọ́kasí Orísun Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Ìtọ́kasí ni àlàyé ṣókí tí ẹni tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí fi ń sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ tó lò. Ohun mẹ́rin ló máa ń sọ: ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó jáde, àkọlé rẹ̀, àti ibi tí òǹkàwé yóò ti rí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kan ìwé orí bébà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ló kan ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kà lórí fóònù. Àmọ́ ìwé tí a tẹ̀ lónìí, bó ṣe wà ni a óò bá a lọ́dún mẹ́wàá. Ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó ni ín lè tún un kọ mọ́jú, ó sì lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátápátá.

Ìwádìí tí Pew Research Center gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 fi hàn pé nínú àwọn ojú-ìwé tó wà ní 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé ṣí mọ́ nígbà tó fi di 2023. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn onímọ̀ òfin ní Harvard ti rí i pé bí ìdajì líǹkì tó wà nínú ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ni kò gbé èèyàn dé ibi ọ̀rọ̀ tí adájọ́ tọ́ka sí mọ́.

Ìlànà ìtọ́kasí pọ̀. APA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìrònú ẹ̀dá. MLA ni ti àwọn onílítíréṣọ̀. Ìlànà náà sì ń yí padà. Ní 2009, MLA ní kò pọn dandan kí a kọ àdírẹ́sì ojú-ìwé. Ní 2016, ó dá a padà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ lẹ́tà kan, kó bi ẹ̀ka rẹ̀ léèrè ìlànà tí wọ́n ń lò àti ẹ̀dà rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn kọ «www.google.com» sílẹ̀ bí orísun. Google kọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ẹni tó kọ ọ́ ló júwe. Ẹni tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kì í sọ pé ọlọ́kadà ló gba òun lálejò. Orúkọ Yorùbá náà tún máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Nínú APA, orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú: Akínwùmí Ìṣọ̀lá yóò di «Ìṣọ̀lá, A.», Ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí Olóyè kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí a kò bá rí òǹkọ̀wé rárá, ìbáà ṣe èèyàn ìbáà ṣe iléeṣẹ́, àkọlé ni yóò bọ́ síwájú.

Fún àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ohun tó dájú jù ni DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó máa ń fi 10 bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àpilẹ̀kọ tí James Watson àti Francis Crick kọ sínú Nature ní oṣù kẹrin 1953 nípa bí DNA ṣe rí. DOI rẹ̀ ni 10.1038/171737a0. 10.1038 ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ Nature. 171 ni ìdìpọ̀ jọ́nà náà. 737 ni ojú-ìwé tí àpilẹ̀kọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kọ https://doi.org/ síwájú rẹ̀, a óò débẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kó lọ sí ojú òpó mìíràn, ibi tí nọ́ńbà náà ń darí sí ni yóò yí padà, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kò ní yí.

Ojú-ìwé tí kò ní DOI ńkọ́? Wayback Machine, tí Internet Archive ṣí fún gbogbo ayé ní 2001, máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún ojú-ìwé tó máa ń yí padà, kí a kọ ọjọ́ tí a kà á.

Ewu tuntun ti dé báyìí. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò kan tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá sí kóòtù. ChatGPT ló hun wọ́n fún wọn, wọn kò sì yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe tọ́ka sí ohun tí ẹ kò ṣí, tí ẹ kò sì kà. Nígbà tí ojú-ìwé náà bá ṣì wà níwájú yín, ẹ kọ orúkọ, ọdún, àkọlé àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó pa fóònù dé.