Bí iṣẹ́ àfipáṣe ṣe lé àwọn Karen kúrò lóko bàbá wọn

Orúkọ Bọ́mà kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà lára ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jà níbẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Karen, ẹ̀yà tó ń gbé lápá ìlà-oòrùn Bọ́mà títí dé ààlà Thailand, jà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ́mà gba òmìnira lọ́dún 1948, ọwọ́ wọn kò tẹ ilẹ̀ olómìnira tí wọ́n ń béèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ KNU, ẹgbẹ́ ajìjàgbara àwọn Karen.

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ológun ti ń lo ọgbọ́n tí wọ́n pè ní Gígé Mẹ́rin: kí wọ́n gé oúnjẹ, owó, ìròyìn àti ọmọ ogun tuntun kúrò lọ́wọ́ àwọn ajìjàgbara. Ọ̀dọ̀ ará abúlé ni wọ́n gbà pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń wá, nítorí náà ará abúlé ló jìyà rẹ̀.

Ìwé àṣẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá ológun yóò kọ ọ́ sí olórí abúlé, yóò sọ iye ènìyàn tàbí iye ọparun tó fẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi ọta ìbọn, ata tàbí èédú sínú rẹ̀ láti fi halẹ̀. Iṣẹ́ náà kò lówó: ríru ọta àti oúnjẹ gun òkè, líla ọ̀nà, kíkọ́ bárékè. Wọ́n tilẹ̀ ń mú àwọn kan rìn ṣíwájú ọmọ ogun lójú ọ̀nà tí wọ́n fura pé bọ́ǹbù wà nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe ìró ìbọn nìkan, nígbà náà, ló lé wọn nílé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àgbẹ̀ ń ṣán oko ni àwọn ológun náà ń la ọ̀nà. Ẹni tó bá lo ọjọ́ rẹ̀ ní bárékè kò ní rí àyè dá oko ìrẹsì, ebi yóò sì wọlé. Àwọn kan sá wọ igbó. Àwọn kan ni wọ́n kó lọ sí ibùdó lábẹ́ ìṣọ́ ológun. Àwọn mìíràn sọdá sí Thailand. Mae La, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1984, ló tóbi jù nínú ibùdó ogúnléndé mẹ́sàn-án tó wà lẹ́bàá ààlà náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Bọ́mà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí iṣẹ́ àfipáṣe láti ọdún 1955. Lọ́dún 1998, ìgbìmọ̀ tí àjọ ILO gbé kalẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìwà náà gbilẹ̀ káàkiri. Ìjọba ológun ṣe àṣẹ tó fòfin dè é lọ́dún 1999, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2000, ILO ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tún àjọṣe wọn pẹ̀lú Bọ́mà yẹ̀ wò, ìgbà àkọ́kọ́ tí àjọ náà yóò gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn ìdáwọ́-ìjà ọdún 2012 mú kí iṣẹ́ àfipáṣe dínkù, ṣùgbọ́n bárékè kò kúrò lẹ́bàá oko. Nígbà tí àwọn ológun fipá gbàjọba ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 2021, ogun padà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, bàálù ológun ju bọ́ǹbù sí agbègbè Papun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Karen sì tún sá wọ igbó. Òfin lásán kò tó láti dá àgbẹ̀ padà sílé. Ó di ìgbà tí ológun bá kúrò lóko rẹ̀.