Kápúsù àti Ìtọ̀ Aboyún ní Mùṣín àti Súrùlérè

Oyún a máa dẹ ọ̀nà ìtọ̀, a sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, débi pé ìtọ̀ ń pẹ́ nínú ara aboyún, tí kòkòrò sì ń ráyè pọ̀ sí i. E. coli, tó ń ti inú ìfun wá, ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín 1950 sí 1960 ni Edward Kass, oníṣègùn kan ní Boston, fi hàn pé kòkòrò lè pé 100,000 nínú mìlílítà ìtọ̀ kan kí ohunkóhun tó dun obìnrin. Bí aboyún kò bá gba ìtọ́jú, kòkòrò ọ̀hún lè gòkè dé kíndìnrín.

Ọdún 1961 ni wọ́n fi òfin dá LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, níbi tí Mùṣín àti Súrùlérè ti pààlà. Ọdún yẹn kan náà ni ampicillin jáde, oògùn tí kì í pa ọmọ inú lára. Ayọ̀ rẹ̀ kò tọ́jọ́. Ní 1965, àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò, Naomi Datta àti Kontomichalou, kọ̀wé nípa E. coli kan tó wá láti Athens: ó ní ohun tó ń ba ampicillin jẹ́, ó sì lè fi í fún kòkòrò mìíràn tí kì í ṣe irú tirẹ̀.

Ọ̀nà tí oògùn ń gbà dọ́wọ́ èèyàn ní Mainland Èkó ló tún ran irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Òfin kò gba kẹ́míìsì àdúgbò láyè láti ta oògùn apakòkòrò, síbẹ̀ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta tẹtra, kápúsù pupa àti yẹ́lò nì, pẹ̀lú ampicillin àti Septrin, ní ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí owó rẹ̀ mọ ní ti oúnjẹ alẹ́ kò lè ra ti ọjọ́ méje; kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Àmọ́ ìwọ̀nba kápúsù bẹ́ẹ̀ ń pa kòkòrò tó rọ̀, ó ń dá èyí tó le sí. Òfin 1988 ka títa oògùn nínú ọjà gbangba léèwọ̀, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì dé ní 1993, ṣùgbọ́n títà ẹyọ-ẹyọ kò tán.

Aboyún ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, torí oògùn tó bá a mu kò pọ̀ látilẹ̀. Tẹtra ń pa eyín ọmọ láwọ̀ dà. Dókítà kì í fẹ́ kọ cipro, tó dé lẹ́yìn 1985, fún un, Septrin kò sì yẹ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tàbí nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá sún mọ́lé. Nígbà tí ampicillin kò ran kòkòrò mọ́, àwọn dókítà gbára lé àwọn oògùn tí à ń pè ní cephalosporin. Ní 1983, ìròyìn ti jáde láti Jámánì pé kòkòrò mìíràn, Klebsiella, ti borí àwọn tó jẹ́ tuntun nínú wọn. Nitrofurantoin, oògùn àtijọ́ láti 1953, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọ̀pọ̀ E. coli, àmọ́ kò yẹ nígbà tí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì tó fún àrùn tó ti wọ kíndìnrín.

Ní 2017, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, gbé ètò orílẹ̀-èdè kalẹ̀ lórí kòkòrò tí oògùn kò ràn. Síbẹ̀, nínú yàrá àyẹ̀wò nìkan ni a ti lè mọ oògùn tí yóò ran kòkòrò tó wà lára aboyún kan pàtó: wọ́n á gbin ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n á dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á sì dán oògùn kọ̀ọ̀kan wò lára kòkòrò tó hù. Pépà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré lè tọ́ka sí àrùn. Kò lè sọ oògùn tí yóò pa á.