Àwọ̀ Ewé Wo Ni Tiwa?

Tí Super Eagles bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ máa rí àwọn tó ń ta jẹ́sì lẹ́bàá títì ní Jíbówú. Wọ́n á kó o lé èjìká, wọ́n á máa sá tẹ̀lé ọkọ̀ tó ń lọ sí Fádéyí. Àwa tí a jọ ń kọ kóòdù ládùúgbò yẹn, ọwọ́ wọn la ti máa ń ra tiwa. Lọ́dún 2018, ẹni tó kéré jù láàárín wa wọ tiẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Kò tíì jókòó tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Gíríìnì yìí kọ́! Ó ti mọ́lẹ̀ jù. Ti Nàìjíríà ò rí báyìí." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ wá mọ́.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe ló jẹ́ ká rò pé nọ́ńbà ló máa parí ìjà. Lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo àwọ̀ ò ju pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí a pò pọ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Ọ̀kan lára kóòdù tí a sábà máa ń rí fún àsíá Nàìjíríà ni #008751: pupa 0, àwọ̀ ewé 135, búlúù 81. A gbé e sójú kọ̀ǹpútà, a gbé jẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò bára mu. A gbé e sórí fóònù, fóònù náà fi tiẹ̀ hàn lọ́tọ̀. Ló bá di pé ká lọ wádìí ìtàn.

Ohun tí ìtàn kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé àwọ̀ ewé kọ́ la fi bẹ̀rẹ̀ rárá. Ká tó gba òmìnira, pupa ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ń wọ̀, Red Devils sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ara àsíá ni àwọ̀ ewé ti wá. Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ́dún 1936, ló ya àsíá náà nígbà tó ń kàwé ní London. Oòrùn pupa wà láàárín funfun rẹ̀ nígbà tó yà á. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 1960 ni wọ́n ta á sókè. Lẹ́yìn náà ni Red Devils di Green Eagles. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹyẹ idì tó wà lórí òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè wa dáadáa: pupa ni! Àṣé ẹyẹ tí à ń jà lé lórí àwọ̀ rẹ̀ ò fìgbà kan jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Láti Jíbówú, pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ò jìnnà. Ibẹ̀ ni Green Eagles ti na Àlùjíríà 3-0 lọ́jọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà 1980, tí a fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ gólù méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti ọjọ́ yẹn ni gíríìnì tiẹ̀. Lọ́dún 1988, orúkọ yí padà sí Super Eagles: gíríìnì kúrò lórúkọ, ó ku ara aṣọ. Ẹni tó rí Rashidi Yekini lọ́dún 1994, nígbà tó di àwọ̀n Bulgaria mú lẹ́yìn gólù àkọ́kọ́ wa ní ife àgbáyé, jẹ́sì Adidas ọjọ́ yẹn lòun mọ̀. Àwọn àbúrò wa ní ti Nike 2018 ló dáa jù, èyí tí apá rẹ̀ ní ìlà dúdú àti funfun bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kálukú ló ń pe àwọ̀ tí ayọ̀ bá a nínú rẹ̀ ní ojúlówó.

Èdè wa gan-an ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Funfun, pupa, dúdú: mẹ́ta yìí ni àwọn àgbà fi ń pín àwọ̀. Àwa wá ń sọ pé "àwọ̀ ewé". Ewé wo? Ṣé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, àbí ewúro tó ti gbó?

Àmọ́ ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ ti 2018 yẹn kì í ṣe ti ewé. Lóṣù Òkudù ọdún náà, àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Nike ní Oxford Street, London, nítorí jẹ́sì Nàìjíríà. Ó lé ní 60 pọ́n-ùn. Nílé níbí, 18,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí nígbà yẹn. Tí ẹ bá ṣẹ́ pọ́n-ùn yẹn sí náírà, jẹ́sì kan ṣoṣo ju owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ. Ta ló fẹ́ rà á? Ti ẹ̀bá títì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wọ̀ tí wọ́n fi hó fún Ahmed Musa nígbà tó jẹ gólù méjì sáwọ̀n Iceland. Nítorí náà, nígbà tí a ní "gíríìnì yìí kọ́", ohun tí ọmọ yẹn gbọ́ ni pé òun ò lówó. Òótọ́ ni ó sì gbọ́.

Oṣù Ògún 2023 ni bàbá Akínkúnmi dolóògbé. Ilé wọn ní Ìbàdàn, àwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n kùn ún. Ká ní a gbé #008751 wa lọ síwájú ilé yẹn, ta la fẹ́ sọ fún pé gíríìnì tiẹ̀ kọ́?

A ti bẹ àbúrò wa. Ó ní òun ti gbàgbé, pé ara wa la ń dà láàmú. Jẹ́sì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi àti oòrùn ti jẹ́ kó ṣì díẹ̀ báyìí, kò tiẹ̀ wá jọ kóòdù kankan mọ́. Tí Eagles bá tún fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, a ti ní kó wọ̀ ọ́ wá.