Ọkọ̀ Tí A Ń Wò àti Ọkọ̀ Tí A Ń Wà: Ìjà Ferrari àti Honda NSX

Ní ọdún 1990, ẹni tí Ọlọ́run bá fi owó kẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ọkọ̀ asáré, bá ara rẹ̀ ní oríta kan tí irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Lápá kan ni Ferrari 348 wà, ọmọ Ítálì, pupa fòò, tí ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń bú ramúramù bíi ti kìnnìún. Lápá kejì ni Honda NSX wà, ọmọ Jàpáànù, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ alùpùpù àti ọkọ̀ kékeré tí olùkọ́ àti akọ̀wé fi ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni ẹ́ńjìnì àwọn méjèèjì wà. Eré wọn kò jìnnà sí ara wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé èyí Honda ń jíṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jíṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí èkejì ní ìṣesí ọba: ó fẹ́ kí a máa ṣìkẹ́ òun.

Ìṣesí ọba yìí kì í ṣe ohun tó ṣèèṣì wáyé. Enzo Ferrari, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní Maranello ní ọdún 1947, kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọkọ̀ tí ó ń tà fún ará ìlú sí. Orí pápá ìdíje ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ń ta ọkọ̀ kí ó lè rí owó ná sórí ìdíje. Oníbàárà tó bá wá ráhùn kì í sábà rí ojú rere. Ìtàn tí àwọn ará Ítálì fẹ́ràn láti máa sọ ni ti Ferruccio Lamborghini, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe katakata fún àwọn àgbẹ̀, tó lọ fi ẹjọ́ kílọ́ọ̀ṣì Ferrari rẹ̀ sun Enzo fúnra rẹ̀. Wọ́n ní èsì tó gbà ni pé kí ó padà lọ máa wa katakata rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí, bóyá àwọn apìtàn fi tiwọn kún un, ohun tó dájú ni pé ní ọdún 1963 Lamborghini dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tí ìbínú sí ọkọ̀ ayọnilẹ́nu bí ni ó wá bí Countach ní àwọn ọdún 1970. Àwòrán ọkọ̀ náà wà lára ògiri yàrá àwọn ọmọkùnrin káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò lè rí ẹ̀yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà dáadáa a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè, wọn a gbé ìdí lé etí ọkọ̀, wọn a yí orí padà, kí wọ́n tó lè fi í rìn sẹ́yìn. Olówó tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ráhùn. Ó ti gbà pé ìyà díẹ̀ wà lára owó tí òun san.

Àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1974, ìwọ̀nba onímọ̀ ẹ̀rọ díẹ̀ ní Volkswagen, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ọ̀gá kankan kò rán wọn. Wọ́n mú Golf, ọkọ̀ tí bàbá, ìyá àtọmọ fi ń lọ sọ́jà, wọ́n fi ẹ́ńjìnì lítà 1.6 tó ní agbára ẹṣin 110 sínú rẹ̀. Nítorí pé ọkọ̀ náà fúyẹ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìló 810 lọ, ó ń sá tó kìlómítà 182 ní wákàtí kan. Wọ́n fi han aráyé ní Frankfurt ní 1975, ọjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Gunhild Liljequist, obìnrin tó ń ṣètò aṣọ àti àwọ̀ inú ọkọ̀ níbẹ̀, ni ó fi aṣọ alápòótí ilẹ̀ Scotland bo ìjókòó rẹ̀, tó sì fi orí tó rí bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù dé ọwọ́ gíà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni ilé-iṣẹ́ náà gbèrò láti ṣe. Èyí tí wọ́n ṣe nínú irú àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan lé ní 460,000.

Golf GTI fi hàn pé eré àti ìwúlò lè jọ gbé inú ilé kan. Síbẹ̀, kò yanjú ọ̀rọ̀ fún olówó tó ń lá àlá Ferrari, nítorí bó ti wù kí Golf sáré tó, Golf ni. Ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé a lè rí ọkọ̀ tó ní ìrísí ọba, tó ní eré ọba, ṣùgbọ́n tí kò ní ìgbéraga ọba?

Honda mú ìbéèrè náà ní ọdún 1984. Wọ́n ní kí Pininfarina, ilé ayàwòrán kan náà tó ń ya ọkọ̀ fún Ferrari, ya ọkọ̀ ìdánwò kan fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa iṣẹ́ gidi lé Shigeru Uehara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń lépa kò ṣòro láti sọ: kí ọkọ̀ náà sáré bíi Ferrari ẹlẹ́ńjìnì kékeré, kí ó sì rọrùn láti wà bíi Honda. Ṣíṣe é ni iṣẹ́.

Wọ́n pinnu láti fi alumíníọ̀mù kọ́ gbogbo egungun àti ara rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí lára ọkọ̀ tí a ń ṣe lọ́pọ̀ fún títà. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ ju irin lọ, ṣùgbọ́n jíjó o pọ̀ ṣòro, ó sì gba owó. Èrè tí wọ́n rí ni pé ara ọkọ̀ náà fi nǹkan bíi kìló 140 fúyẹ́ ju bí ìbá ti rí ká ní irin ni wọ́n lò. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun sí Takanezawa ní agbègbè Tochigi nítorí rẹ̀, wọ́n sì ṣa òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́, bí igba, síbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì lítà mẹ́ta tó ní sílíńdà mẹ́fà, wọ́n fi taiténíọ̀mù ṣe àwọn ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ ìdí ẹ́ńjìnì, kí ó lè yí tó ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan láìfọ́. Ní ti ibi ìjókòó, wọ́n wo ibi tí awakọ̀ òfuurufú ń jókòó sí nínú ọkọ̀ ogun F-16, wọ́n sì fi gíláàsì yí awakọ̀ ká débi pé ó ń rí iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Búùtù wà lẹ́yìn tó lè gba ẹrù. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Countach yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Lásìkò kan náà, Honda àti Ferrari ń figagbága lórí pápá. Ní ọdún 1988, àwọn ọkọ̀ McLaren tó ń lo ẹ́ńjìnì Honda gba ìdíje mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́rìndínlógún nínú Formula One. Ẹyọ kan tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ti Monza, ní ilẹ̀ Ítálì. Enzo Ferrari ti kú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún náà. Kò tíì pé oṣù kan tí ó kú nígbà tí Ayrton Senna, tó ń léwájú nínú McLaren rẹ̀, kọlu ọkọ̀ mìíràn nígbà tí ìdíje kù díẹ̀ kó parí. Ferrari méjì ló gba ipò kìíní àti ipò kejì níwájú àwọn ará ilé. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní irú ìtàn báyìí, tó ń pa ènìyàn lẹ́kún, kí ni Honda fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù ṣe sí i?

Senna kan náà ni Honda pè ní oṣù Kejì ọdún 1989 sí pápá Suzuka pé kí ó wá dán NSX wò. Ọmọ Bùràsíìlì náà wà á, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn: ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ṣe òun bíi pé ara rẹ̀ kò le tó. Ẹlòmíràn ì bá bínú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà kó ọkọ̀ wọn lọ sí Nürburgring ní Jámánì, pápá ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ inú igbó, wọ́n sì lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, wọ́n ń wà á, wọ́n ń tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ara ọkọ̀ náà ti fi ìdajì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọ́n ti fi ọkọ̀ náà han ní Chicago nínú oṣù Kejì 1989 yẹn. Nígbà tí ọjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ orúkọ Acura, nǹkan bíi 60,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á, owó tó fi púpọ̀ kéré sí ti Ferrari 348.

Kí ni ẹni tó san owó Ferrari rí gbà? Agbára ẹṣin 300, ẹwà, àti orúkọ. Ó tún rí ẹ́ńjìnì kan gbà tó jẹ́ pé, nígbà tí àsìkò bá tó láti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ yọ odindi ẹ́ńjìnì kúrò lára ọkọ̀. Ẹ̀rí tó wúwo jù lọ sí ọkọ̀ náà kò sì ti ẹnu ọ̀tá wá. Luca di Montezemolo, tó di alága Ferrari ní ọdún 1991, ti fi owó ara rẹ̀ ra 348 kan kí ó tó gba ipò náà. Ó sọ lẹ́yìn náà pé, yàtọ̀ sí ẹwà rẹ̀, òun kò rí ohun rere sọ nípa rẹ̀. Ó ní nígbà tí iná ojú pópó bá yọ àwọ̀ ewé, Golf GTI a máa gba iwájú òun kọjá. Ọkọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan fi ọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ láìsí àṣẹ ọ̀gá ni ó ń fi eruku sí ojú Ferrari alága.

Bí ọgbọ́n orí nìkan bá ń ra ọkọ̀, Honda ì bá ti gba ọjà náà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1990 títí tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2005, NSX tí wọ́n ṣe fi díẹ̀ lé ní 18,000. Ferrari F355, tó rọ́pò 348 ní 1994, ti lé ní 11,000 láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún péré. Òótọ́ ni pé ọrọ̀ ajé Jàpáànù dojú bolẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí iye owó NSX sì ń ròkè títí ó fi sún mọ́ 90,000 dọ́là. Òótọ́ sì ni pé Honda kò yí i padà tó bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù ni èyí tí àwọn alárìíwísí fi ń sọ pé NSX “kò ní ẹ̀mí”. Ẹjọ́ àìtọ́ ni wọ́n dá fún un. Apá kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀mí kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ìbẹ̀rù pé ọkọ̀ náà lè kú sójú títì lọ.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ra Ferrari. Kò sí ẹni tó ń wọ sányán lọ sóko. Inú àpótí ni ó ń gbé, ọjọ́ àríyá ni ó ń jáde, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà pé ó wúwo tàbí pé ó móoru. Honda hun sányán tí ènìyàn lè wọ̀ roko, àwọn olówó sì wò ó tìfura-tìfura: aṣọ tí a lè wọ̀ lójoojúmọ́, ta ni yóò yà sí i lọ́jọ́ ayẹyẹ? A ń sọ pé ìwà lẹwà, ṣùgbọ́n ní ọjà yìí, ẹni tó níwà ni wọ́n ń pè ní aláìlẹ́wà.

Àwọn tí iṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wọn kò fojú kéré é. Gordon Murray, tó ń yàwòrán ọkọ̀ McLaren F1 lásìkò náà, ní bí òun ṣe wa NSX báyìí ni òun gbàgbé gbogbo Ferrari, Porsche àti Lamborghini tí òun ti ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó ra ọ̀kan, ó sì wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. McLaren F1 wá di ọkọ̀ tó yára jù lọ láyé nígbà tirẹ̀, ó sá tó kìlómítà 386 ní wákàtí kan ní 1998, síbẹ̀ ènìyàn lè kó ẹrù sínú rẹ̀ kí ó sì fi rin ìrìn àjò.

Ní Maranello pàápàá, Montezemolo kò gbàgbé iná ojú pópó yẹn. F355 dára ju 348 lọ lọ́nà tó hàn sí gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1999, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn àfihàn Chicago, Ferrari mú 360 Modena jáde ní Geneva. Ibi ìjókòó inú rẹ̀ fẹ̀ sí i. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́ egungun àti ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ bá sì tó pààrọ̀, mẹkáníìkì kò yọ ẹ́ńjìnì mọ́; ó kàn ń ṣí ìdérí kan lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ ni, ó sì ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.