Ohun tí Bọ̀dá Kọ Sílẹ̀ Kí Iná Tó Lọ

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ewékorò ní ìsinmi tó kọjá, mo rí ìwé kan nísàlẹ̀ àpótí àbúrò bàbá mi. Bọ̀dá ni gbogbo ilé ń pè é. Iwájú ìwé náà kún fún ìṣirò, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n láàárín, ojú ewé mẹ́ta wà tó jẹ́ kìkì nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ wàràwàrà. Mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà Baba Ìjẹ̀bù ni. Àfi ìgbà tí mo ka èyí tó wà lókè pátápátá: Kernel panic – not syncing.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ìwé sí ojú ewé ewì. Ọ̀rọ̀ òkú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

Ọdún 2006 ni. GSM ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ ní Nàìjíríà, nítorí oṣù kẹjọ 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀. Lágbo Bọ̀dá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, infrared ni wọ́n fi ń gba orin àti fótò lọ́wọ́ ara wọn. Nokia 3310 ò ní in, ṣùgbọ́n 8210, 6310i àti 6600 ní in: gíláàsì dúdú kékeré kan tó pọ́n díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí ló ń gba ibẹ̀ jáde, ọmọ ìyá èyí tí a fi ń yí tẹlifíṣọ̀n padà láti orí àga. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ kóra jọ ní 1993, wọ́n dá ẹgbẹ́ IrDA sílẹ̀, kí ẹ̀rọ tiyín lè gbọ́ èdè ẹ̀rọ tiwa. Ẹ ó kọjú fóònù méjì síra wọn bí ẹni tó fẹ́ kan orí, ẹ ò ní jẹ́ kó ju mítà kan lọ, ẹ ó sì mú sùúrù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ń sá ní bíìtì 115,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Orin MB mẹ́rin á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tí ẹnì kan bá sín, tó mi tábìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè o.

Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún yẹn. Fótò mẹ́fà tí Bọ̀dá fi fóònù yà wọ́n nígbà tí ara wọn ṣì le ló kù wá kù, torí Ìyá Àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n ya àwọn. Fóònù náà sì ti ń ṣàárẹ̀; ó ń ṣí lọ́jọ́ kan, ó ń kọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bọ̀dá ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí kò ní Bluetooth, tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n tó ní ojú infrared lẹ́gbẹ̀ẹ́. Linux ló wà lórí rẹ̀, láti inú CD tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dà kọ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná wá, tí fóònù náà sì gbà láti ṣí, ó kọjú àwọn méjèèjì síra wọn lórí tábìlì ìjẹun.

Fótò àkọ́kọ́ kọjá. Ó ṣe díẹ̀, ìkejì kọjá. Bí ìkẹta ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà di dúdú, nọ́ńbà funfun sì bò ó. Iná kékeré méjì orí kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kernel ni kóró inú ẹ̀rọ; òun ló ń pín mẹ́mọ́rì, dísìkì àti gbogbo ìyókù fún àwọn tó ń lò wọ́n. Driver sì ni ètò tí kernel fi ń bá ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. (Ní Ewékorò tiwa, tí ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ti wà láti 1960, dírẹ́bà tí a mọ̀ ni ẹni tó ń wa tírélà. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra: tí ẹyọ kan bá sùn lórí ìwakọ̀, gbogbo títì ló máa dí.) Tí ètò lásán bá kú, òun nìkan ló kú, ẹ ó tún un ṣí. Ṣùgbọ́n inú kernel gan-an ni driver ń gbé. Tó bá na ọwọ́ síbi tí kò sí nǹkan kan nínú mẹ́mọ́rì, bí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀, kernel á figbe ta. Oops ni àwọn tó ń ṣe Linux ń pe igbe yẹn; tiwa ni "yéè!" Nígbà míì, ẹ̀rọ á tún rọra máa rìn lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀yà ara kan ń ké sí kernel pé kó dá òun lóhùn kíákíá ló ti ṣubú, ó tán nìyẹn. Panic ni.

"Not syncing" yẹn ló dùn mí jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó wà ní mẹ́mọ́rì, òun ò ní kọ ọ́ sórí dísìkì mọ́. Kì í ṣe ìkà o. Kernel tí orí rẹ̀ ti dàrú ò gbọdọ̀ mú kálámù, kó má baà lọ kọ ìkọkúkọ sórí ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fótò kejì Ìyá Àgbà wà ní mẹ́mọ́rì lásìkò náà. Kò dé dísìkì.

Nítorí pé kernel ò kọ nǹkan kan pa mọ́, ojú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ẹ̀rí wà. Kò sí bátìrì. Tí iná bá lọ, ó lọ pẹ̀lú ẹ̀rí. Bọ̀dá já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, ó sì ń kọ. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá fò lọ sókè. Ọmọ ọdún kan ni mí nígbà náà; wọ́n ní ẹkún tí mò ń sun ló jẹ́ kó máa fi 6 pe b. Òótọ́ ni, mo rí i nínú ìwé. Ó kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí kernel ń ṣe títí tó fi ṣubú, ọ̀kan lórí èkejì. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn ò parí. Ó kọ "irlap_", pẹ́ńsùlù sì fà lọ gbọọrọ sí etí ìwé, níbi tí òkùnkùn ti bá a.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta, ó jókòó sí cyber cafe kan ní Pànṣẹ́kẹ́. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé àwọn tó ṣe nǹkan yìí ní orúkọ. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa yìí ní Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Apá infrared rẹ̀, Dag Brattli ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Tromsø, lókè lọ́hùn-ún ní Norway, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù. (Abájọ tí ìmọ́lẹ̀ fi jẹ ẹ́ lógún!) Nígbà tí kernel 2.2 jáde ní oṣù kìn-ín-ní 1999, infrared ti wà nínú rẹ̀. Jean Tourrilhes gbà á, ó ń tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kan Samuel Ortiz. Ìwé ìtọ́ni tó bá kernel wá pàápàá sọ pé tí kò bá sí ọ̀nà míì, kí èèyàn fi ọwọ́ da ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kọ, kó wá tẹ̀ ẹ́. Inú Bọ̀dá dùn. Ohun tó ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn!

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń béèrè: kernel nọ́ńbà mélòó? Kí lo ń ṣe lọ́wọ́? Ṣé o lè mú kó tún ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ló lé e padà sílé. Nígbà tó délé, fóònù kọ̀ láti ṣí, kò sì ṣí mọ́ láé. Fótò mẹ́rin tó kù bá a lọ. Bọ̀dá ní ta ló máa gba òun gbọ́? Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Èmi rò pé ó yẹ kó fi ránṣẹ́. Orúkọ iṣẹ́ mẹ́ta péré tí ẹnì kan kọ tọ́ lè jẹ́ kí ẹni tó mọ ilé mọ yàrá tó ti jó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo ní ṣebí ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, a ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta láti 1859. Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Ni mo bá lọ wá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Bí àwọn tó ń lo infrared ṣe ń dínkù, àlébù inú rẹ̀ ò dínkù. Ní 2010 wọ́n rí ọ̀kan nínú irda_bind. Ẹ ò nílò ojú infrared kankan láti jìyà rẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ẹ̀rọ náà lè béèrè fún infrared, kernel á sì lọ gbé driver náà jí fúnra rẹ̀. Ní 2017 òmíràn tún jáde, CVE-2017-6348. Kì í ṣe ẹni tó ń gba fótò ló bá a pàdé. Syzkaller ni, ètò kan tí Dmitry Vyukov ṣe ní Google, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa da ìbéèrè rádaràda bo kernel tọ̀sán-tòru, kó wò ó bóyá yóò ṣubú. David Miller tún un ṣe. Lọ́dún kan náà, Greg Kroah-Hartman kó gbogbo infrared yẹn lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń pè ní staging. Nígbà tí kernel 4.17 jáde ní oṣù kẹfà 2018, wọ́n ti yọ ọ́ dànù.

Mo lọ bá Bọ̀dá ní pálọ̀, lábẹ́ fótò Ìyá Àgbà kan ṣoṣo tó dé dísìkì. Mo ní, "Bọ̀dá, mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yín já sí."

Ó ní, "Wọ́n tún un ṣe?"

Mo ní, "Rárá o. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò ni, ní 2018."

Ó wò mí títí. Ó wá na ọwọ́, ó ní kí n dá ìwé òun padà.